Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń pín owó ìwádìí ewéko: ẹ jẹ́ ká padà síbi tí a ti kà tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin àgbà ìgbìmọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ yín pọ̀, mo sì mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń tọrọ nǹkan. Tèmi náà ń tọrọ, mi ò ní fi bò. Àmọ́ kí n tó tọrọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ àpótí kékeré kan tó wà nínú fọ́ọ̀mù yín.

Ẹ mọ àpótí ọ̀hún. Ìbéèrè inú rẹ̀ ni: "Kí ni ohun tuntun nínú iṣẹ́ yìí?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ nǹkan síbẹ̀, lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, òtítọ́ ni mo sọ. Mo ní kò sí ohun tuntun kankan, pé a fẹ́ padà sórí òkè tí a lọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ká lọ tún àwọn ewéko tí a ti kà kà. Wọ́n dá a padà. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi dírónù sí i. Wọ́n fún wa lówó dírónù, wọ́n sì yọ owó ọkọ̀ tó máa gbé wa dé ẹsẹ̀ òkè kúrò. Lẹ́ẹ̀kẹta, èsì wọn kò ju ìlà kan lọ: iṣẹ́ náà dára, àmọ́ àṣetúnṣe ni.

Ìlà yẹn ló bí lẹ́tà yìí. Àṣetúnṣe ni lóòótọ́. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ewéko orí òkè tó fẹ́ẹ́ tán láyé, tí kò bá ṣe àṣetúnṣe, kí ló wá ń ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín débẹ̀ díẹ̀. Mi ò ní dárúkọ òkè náà, ẹ máa mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Wákàtí mẹ́rin la fi ń rìn kí igi tó tán lójú ọ̀nà. Á ku koríko. Koríko náà á wá máa fọ́nká, títí tó fi máa ku òkúta àti ohunkóhun tó bá lè rí ààyè dúró sí láàárín òkúta. Níbẹ̀ la máa ń gbé férémù wa lélẹ̀: igi mẹ́rin tí a kàn pọ̀, mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, tí a fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ pín inú rẹ̀ sí ojúlé 100. Ẹnì kan á kúnlẹ̀, ẹnì kejì á di ìwé mú. Ẹni tó kúnlẹ̀ á máa pe ohun tó rí nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan láìfo ọ̀kan, ẹni tó jókòó á máa kọ ọ́. Orúnkún èmi ti mọ irú òkúta tó wà níbẹ̀ ju ojú mi lọ.

Ẹni tó bá dúró lókèèrè máa ní kò sí nǹkan lórí ilẹ̀ náà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ewéko kan tó ká jọ bíi tìmùtìmù. Kò ga ju ìka ọwọ́ kan lọ, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n sì fún mọ́ra wọn pinpin. Tẹ́ ẹ bá ki ìka bọ àárín rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ràn, inú rẹ̀ á lọ́wọ́ọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn tó ń fẹ́ níta ń gé èèyàn létí. Kòkòrò wẹ́wẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé. Irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Silene acaulis kì í yára rárá. Èyí tó bá fẹ̀ dáadáa nínú wọn lè ti lé ní ọdún 300 láyé.

A kan èèkàn irin kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kọ nọ́ńbà sí i lára. Kò yẹ kí onímọ̀ ní ààyò, mo mọ̀, àmọ́ ààyò mi ni nọ́ńbà 7. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ débẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Lọ́dún kẹta, ó ṣì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Owó tán. Kí la wá fẹ́ kọ sínú ròyìn? A kọ ọ́ pé kò yí padà. Ẹ̀yin àgbà, ohun tó ń lo ọdún 300 láyé, kí lẹ fẹ́ kó ti dà láàárín ọdún mẹ́ta? Àwọn àgbà ní ẹni tó fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo ló fẹ́ bu èèyàn jẹ? Lọ́dọ̀ tiyín, ọdún mẹ́ta yẹn náà ni gbogbo rẹ̀: ká pilẹ̀ wèrè, ká ya á, ká bu èèyàn jẹ, ká sì kọ ròyìn ìgbẹ̀yìn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè Haleakalā ní Hawaii. Ewéko kan wà níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, Argyroxiphium sandwicense lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ó lè dúró fún 20 ọdún, ó lè dúró fún 90, kó tó tanná. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná. Igi òdòdó rẹ̀ á yọ sókè gíga ju èèyàn lọ, á so, á sì kú. Ewúrẹ́ àti màlúù jẹ ẹ́, àwọn tó wá wo òkè ń fà á tu lọ sílé láti fi ṣe ìrántí, títí tó fi jẹ́ pé láàárín ọdún 1920 sí 1939, kò tó 4000 mọ́. Wọ́n ṣòfin, wọ́n fi wáyà sé ẹranko mọ́ ìta, ó sì ṣiṣẹ́: nígbà tó máa fi di ọdún 1991, wọ́n ti ń sọ nǹkan bí 60,000. Ká ní ìgbà yẹn ni wọ́n palẹ̀ mọ́, tí wọ́n pín àmì ẹ̀yẹ, tí wọ́n lọ wá ohun tuntun ṣe, inú àwa gbogbo ì bá ṣì máa dùn títí di òní. Àmọ́ àwọn kan ń padà lọ kà á. Àwọn ló jẹ́ ká mọ̀ pé láti ìgbà náà ló ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín, pé èyí tó wà nísàlẹ̀ òkè ló ń kú jù, nítorí ooru àti ọ̀dá. Wáyà ò lè sé ọ̀dá mọ́ ìta.

Èyí tó wà ní òkè Mauna Kea, ní erékùṣù kejì, tún dùn mí ju ìyẹn lọ. Àgùntàn jẹ ẹ́ títí ó fi ku bíi mélòó kan. Àwọn tó fẹ́ gbà á là kó irúgbìn, wọ́n hù ú, wọ́n sì gbìn ju 1000 lọ padà sórí òkè. Ẹni tó kọ iye yẹn sínú ròyìn kò purọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó tọ ìran wọn lọ, tí wọ́n rí i pé ọmọ àti ọmọ ọmọ ìyá méjì péré ni gbogbo wọn. Ewéko yìí kò sì lè fi òdòdó ara rẹ̀ gba ara rẹ̀. Kòkòrò ní láti gbé ìyẹ̀fun òdòdó ọ̀kan lọ bá òmíràn tí kì í ṣe ẹbí tó sún mọ́ ọn. Ọmọ ìyá kan náà ló wá kún orí òkè, wọ́n ń wo ara wọn. Wọ́n ní láti padà lọ bá àwọn àgbà díẹ̀ tó kù nínú igbó, kí wọ́n gun àkàbà, kí wọ́n fi ọwọ́ gba ìyẹ̀fun òdòdó wọn, kí wọ́n fi gba ti àwọn tí wọ́n gbìn. Nínú fọ́ọ̀mù, "iye tí a gbìn" ní àpótí tirẹ̀. Mi ò tíì rí èyí tó bèèrè ìyá mélòó ló bí wọn, mélòó ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, mélòó ló ti bímọ fúnra rẹ̀.

Lọ́dún 2018, iṣẹ́ kan jáde tó jẹ́ pé, tó bá ṣe tèmi ni, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìpàdé yín. Ṣóńṣó orí òkè 302 ní Yúróòpù ni wọ́n kó àkọsílẹ̀ wọn jọ, àkọsílẹ̀ náà sì kárí ọdún 145. Láyé àtijọ́, ẹnì kan á gun òkè, á kọ orúkọ ewéko tó bá níbẹ̀ sílẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, ó dìgbà kan ó kú. Ẹlòmíràn á tún gun òkè kan náà, á kọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé òkú àti ti alààyè síra wọn, wọ́n rí i pé oríṣi ewéko tuntun tó dé orí ṣóńṣó òkè láàárín ọdún 2007 sí 2016 tó ìlọ́po márùn-ún èyí tó débẹ̀ láàárín ọdún 1957 sí 1966.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ òkè kò bá yé máa ní ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ṣebí ewéko ń pọ̀ sí i ni. Ẹ ní sùúrù. Bí èèyàn bá fi 100 mítà gòkè, ooru á dín ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 0.6. Bí ayé bá wá fi ìwọ̀n kan péré gbóná sí i, ewéko tó bá fẹ́ wà nínú otútù tó ti mọ́ ọn lára ní láti gòkè ní bíi 167 mítà. Ti ìsàlẹ̀ ń gun ti àárín, ti àárín ń gun ti òkè. Ti òkè pátápátá ńkọ́? Sánmọ̀ ló kù fún un. Àwọn àlejò tó ń bọ̀ yìí sì ga jù ú lọ, wọ́n yára jù ú lọ, òjìji wọn ló máa kọ́kọ́ bo onílé.

Férémù onímítà kan tí mo ṣàlàyé rẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní GLORIA la ti kọ́ ọ. Ọdún 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà kan náà ka àwọn ṣóńṣó òkè, kí ti ibì kan lè ṣeé fi wé ti ibòmíràn. Wọ́n ka 66 ní Yúróòpù ní 2001, wọ́n tún un kà ní 2008. Lápá àríwá àti àárín, iye oríṣi pọ̀ sí i. Lápá Mẹditaréníà, níbi tí omi ti ń wọ́n, ó dúró lójú kan tàbí kó dín, apá ibẹ̀ sì ni ewéko tí kò sí níbòmíràn láyé pọ̀ sí. Ọdún méje péré, ẹ máa wí. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ọdún méje ju mẹ́ta lọ, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni wọ́n kà.

Wíwò lásán kò tó, nítorí ewéko orí òkè mọ bí wọ́n ṣe ń tan ojú jẹ. Koríko kan wà ní Alps, àwọn òkè ńlá kan ní Yúróòpù, Carex curvula lorúkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ ló fi ń ràn nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti rí ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n ṣírò pé ó ti tó ọdún 2000 láyé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í kú lójijì. Ojú ọjọ́ lè má bá a lára mu mọ́, kó má lè bímọ mọ́, kó sì dúró síbẹ̀ ní tútù yọ̀yọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá lọ ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan máa kọ ọ́ pé ó wà. Gbèsè ni àwọn onímọ̀ ń pe irú èyí: ikú ti wà nínú ìwé, ẹni tó máa wá gbà á ni kò tíì dé. Ẹni tó bá ń ka ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń hù lábẹ́ àgbà nìkan ló lè mọ̀, kò sì sí bó ṣe lè fi ọdún kan mọ̀ ọ́n, torí àwọn ọdún kan wà tí ọmọ kankan kì í hù, tí kò sì sí aburú níbẹ̀.

Mo tún fẹ́ fi ìtàn Chimborazo tọrọ nǹkan kan tó kéré sí owó. Ní ọdún 1802, Alexander von Humboldt àti Aimé Bonpland, àwọn onímọ̀ méjì láti Yúróòpù, gun òkè náà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ecuador lónìí. Humboldt ya àwòrán ńlá kan tó lókìkí, ó kọ orúkọ ewéko sára òkè inú àwòrán náà bí wọ́n ṣe tò láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí yìnyín bẹ̀rẹ̀. Ní 2012, àwọn olùwádìí padà lọ sí Chimborazo, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní ewéko ti gòkè ju 500 mítà lọ. Gbogbo ayé gbọ́. Àmọ́ ní 2019, àwọn mìíràn fi sùúrù tú ìwé àti ewé gbígbẹ Humboldt, wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ewéko orí òkè wọ̀nyẹn, orí Antisana ló ti já wọn, òkè mìíràn ni. Nígbà tí wọ́n lọ wọ̀n ọ́n níbẹ̀, ó bọ́ sí nǹkan bí 215 sí 266 mítà. Ewéko gòkè lóòótọ́. Àmọ́ nǹkan bí ìdajì ìrìn rẹ̀ fò lọ, nítorí pé òkè méjì ti wọnú ara wọn nínú àwòrán kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú tí wọ́n bá fa ìlà pupa sí iye wákàtí tí a fẹ́ fi kọ nǹkan sílẹ̀. Nínú ìwé wa, a máa ń kọ ẹ̀gbẹ́ tí a dúró sí, a máa ń ya fọ́tò òkúta ńlá tó wà lápá òsì, a máa ń kọ orúkọ ẹni tó kúnlẹ̀, torí pé ojú ẹnì kan mú ju ti ẹlòmíràn lọ. GPS máa ń ṣìnà ní mítà mélòó kan láàárín àwọn òkúta gíga, ewéko tí mò ń wá kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òkúta apá òsì ló máa ń mú wa débẹ̀.

Àwọn ilé tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ sí náà wà lára ohun tí ẹ kì í bojú wò. Ewé tí wọ́n tẹ̀ mọ́ pépà, tí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti já a sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò dùn ún wò, kò ṣeé fi ṣe fídíò. Ní 2005, àwọn olùwádìí méjì gbé irú ewé bẹ́ẹ̀ jáde, ti Saussurea laniceps tó ń hù lókè lọ́hùn-ún ní ìlà oòrùn Himalaya, wọ́n wọn gíga wọn láti ìgbà pípẹ́ wá. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ewéko náà ti kúrú sí i. Àwọn tó ń já a fún oògùn a máa já èyí tó ga jù, lásìkò òdòdó, kó tó so. Àwọn kúkúrú ló ń ṣẹ́ kù láti bímọ. Ìbátan rẹ̀ kan, Saussurea medusa, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ já, kò kúrú. Ẹni tó já ti ọdún jọ̀ọ́jọ̀ọ́ yẹn kò mọ̀ pé ẹnì kan máa fi rúlà wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan. Ẹnì kan ṣáà lé kòkòrò kúrò lára pépà yẹn láti ìgbà náà wá.

Tàbí Fritillaria delavayi, ní àwọn òkè Hengduan ní Ṣáínà. Iṣu kékeré ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń wú fún oògùn, láti ìgbà tó ti lé ní ọdún 2000. Ní 2020, iṣẹ́ kan fi hàn pé níbi tí èèyàn ti ń wú u jù, ewé rẹ̀ ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti dà bí òkúta tó yí i ká, eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Níbi tó ṣòroó dé, ó ṣì tutù bí ewé. Ewéko ń sá pamọ́ fún wa. Mo kà á, mo sì ronú nípa àwa tó ń kúnlẹ̀ kà á: tó bá ń sá fún awúṣu, ó ń sá fún olùkà náà nìyẹn. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ máa kà á kù.

Ẹ óò ní báǹkì irúgbìn wà, kí ló ń bà mí lẹ́rù? Mo fẹ́ràn báǹkì irúgbìn. Wọ́n máa ń gbẹ irúgbìn nínú atẹ́gùn tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò ju bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n á fi í sínú otútù tó fi ìwọ̀n 20 lọ sísàlẹ̀ òdo, ọ̀pọ̀ irúgbìn á sì sùn níbẹ̀ pẹ́. Àmọ́ ní 2011, àwọn tó fi irúgbìn ewéko orí òkè wé ti ìbátan wọn nísàlẹ̀ rí i pé ti orí òkè kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó kú nínú àpò. Ní ilẹ̀ tirẹ̀, otútù àti ọ̀rinrin ló bá a dàgbà, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ gbígbẹ. A ní láti máa mú díẹ̀ jáde lóòrèkóòrè ká hù ú wò, òmíràn nínú wọn kò sì ní hù àfi téèyàn bá kọ́kọ́ fi í sínú otútù tútù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kó rò pé ìgbà yìnyín ti kọjá. Tó bá ti ń kú, a ní láti padà gòkè lọ kó òmíràn. Padà, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò yéé jẹ yọ.

Ewéko kan tí wọ́n ń pè ní Saxifraga rosacea pòórá kúrò lórí àwọn òkè Wales ní 1962. Lọ́dún yẹn gan-an ẹnì kan ti mú díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 2024, wọ́n gbé àwọn ọmọ ìdí yẹn padà lọ sórí òkè ní Eryri. Ní gbogbo ọdún 62 tó wà láàárín, ẹnì kan ń bomi rin ín, ẹnì kan ń pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀, ẹnì kan ń sọ fún ẹlòmíràn pé má ju èyí nù o. Ẹ wá ibi tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ì bá wọ̀ sí nínú fọ́ọ̀mù yín, kí ẹ sì sọ fún mi.

Mo ṣèlérí pé màá sọ ìdí tí mi ò fi dárúkọ òkè wa. Òfin yín ní kí a gbé gbogbo dátà síta kí gbogbo ayé lè rí i, òfin tó dára ni. Àmọ́ ní 1999, wọ́n fún ewéko kan lórúkọ láti àwọn òkè òkúta ẹfun ní Vietnam, Paphiopedilum vietnamense, òdòdó rẹ̀ rẹwà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tó ń tà á fi kó o tán nílẹ̀ débi pé ṣàṣà lẹni tó tún fojú kàn án nínú igbó. Fún irú ewéko bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà GPS lórí íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ìgbà téèyàn fi kọ́kọ́rọ́ ilé há ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a fi ibi tó wà lé àjọ tó ń tọ́jú ilẹ̀ náà lọ́wọ́, kí a sì kọ àgbègbè rẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀ sínú ohun tí gbogbo èèyàn lè rí. Ẹ má ka ìyẹn sí àìgbọ́ràn.

Ohun tí mò ń tọrọ nìyí. Owó tí ẹ fẹ́ fún ẹnì kan láti fi ná ọdún mẹ́ta, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kó di ogún ọdún. Mi ò ní kí ẹ fi kún un. Lọ́pọ̀ ọdún, ohun tí a nílò kò ju owó ọkọ̀, bàtà, èèkàn, àti owó iṣẹ́ àwọn darandaran tó ń fọ̀nà hàn wá, tí wọ́n mọ àkókò tí òdòdó kọ̀ọ̀kan ń yọ ju bí ìwé ṣe mọ̀ ọ́n lọ, tí orúkọ wọn kì í sì í jáde níbì kankan. Tí a bá ní "kò yí padà", ẹ gbà á lọ́wọ́ wa bí èsì, torí ọjọ́ tó bá yí padà, ọ̀rọ̀ yẹn la máa fi mọ̀. Ẹ bèèrè iye tó wà láàyè dípò iye tí a gbìn. Kí ẹ sì ní owó kékeré kan lọ́tọ̀ fún ọdún tí ẹni tó ń kà á bá fẹ̀yìn tì tàbí tó bá kú, kí àgbà àti ọmọ tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lè jọ gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tí ẹ bá sì fi dandan lé e pé kí àpótí "ohun tuntun" wà níbẹ̀, ẹ fi òmíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ibo lo ti lọ rí tí o fẹ́ padà lọ?"

Mi ò sọ pé kí ẹ pa àwọn tó ń wá nǹkan tuntun tì. Àwọn ewéko wà lórí òkè tí kò tíì ní orúkọ, dírónù náà sì wúlò. Ó ti bá wa wo ẹ̀gbẹ́ òkúta kan tí ẹsẹ̀ èèyàn ò lè dé. Àmọ́ ó ń wo òkè láti òkè ni, kò rí ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń hù lábẹ́ ìyá rẹ̀.

Tí yìnyín bá ti yọ́ lọ́dún yìí, a máa gòkè. Àwa mẹ́ta ni, ọ̀kan nínú wa kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, òun ló máa kúnlẹ̀, èmi ni màá di ìwé mú. Èèkàn nọ́ńbà 7 tẹ̀ nígbà tí a rí i kẹ́yìn, bóyá òkúta ló yí lù ú. Mo ti ra òmíràn, mo sì ti fi ìṣó kọ nọ́ńbà náà sí i lára. Ó wà nínú àpò mi.

Èmi ni tiyín,
ọ̀kan lára àwọn tó ń ka ewéko lórí òkè